Tábìlì Ìpààrọ̀ Ìlédìí, Ẹní, Ibùsùn tàbí Kọ́bọ́ọ̀dù: Ìfiwéra fún Òbí Tó Ń Retí Ọmọ

Nínú gbogbo ohun tí òbí ń rà sílẹ̀ de ọmọ tuntun, tábìlì ìpààrọ̀ ìlédìí wà lára èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn jù lọ láàárín tọkọtaya. Kò sí ẹni tí yóò ní òun kò nílò aṣọ ọmọ, ọṣẹ tàbí pámpásì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá ló ti tọ́ ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà dàgbà láìfi ojú kan irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni tábìlì gíga, onígi tàbí onírin, tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ọgbà yí orí rẹ̀ ká kí ọmọ má baà yí bọ́ sílẹ̀, tí ó sì ní pẹpẹ lábẹ́ fún ìlédìí, wáìpù àti ìpara. Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ta ohun èlò ọmọ a máa kà á mọ́ ohun tí yàrá ọmọ kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn náà, ó ti ń yọjú nínú ilé àwọn tó ní àyè láti ya yàrá sọ́tọ̀ fún ọmọ.

Kí a tó fi nǹkan wé nǹkan, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a fẹ́ ra tábìlì náà fún. Ọmọ kò rí èrè kankan jẹ nínú gíga. Ọmọ tí a tẹ́ sórí ẹní nílẹ̀ kò ní ibi tí yóò ṣubú lọ, ìdí rẹ̀ yóò sì mọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti èyí tí a gbé sórí tábìlì olówó ńlá. Ẹ̀yìn, orúnkún àti ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni gíga yẹn ń ṣe láǹfààní. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá ń yan láàárín tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù, ibùsùn àti ilẹ̀, ohun tí a ń fi sórí òṣùwọ̀n ni ìrọ̀rùn àgbà ní apá kan àti ewu tí ọmọ lè bá pàdé ní apá kejì, pẹ̀lú owó àti àyè ilé tí wọ́n wà láàárín.

Bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó

NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, sọ fún àwọn òbí pé ọmọ tuntun lè nílò ìpààrọ̀ tó ìgbà 12 lójúmọ́, àti pé bí ó bá ń dàgbà, iye náà yóò wá sílẹ̀ sí 6 tàbí 8. Bí a bá fi 8 ṣe ìwọ̀n fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó tó ìgbà 1,440 tí ẹnìkan nínú ilé yóò tẹ ọmọ sílẹ̀, tí yóò tú u, tí yóò nù ún, tí yóò sì tún dì í. Ẹni tó bá tẹ̀ ba ní ìdí iṣẹ́ kan náà nígbà 1,440, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ní agogo méjì òru, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà, kò sì yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ìyá wa àtijọ́ kò rà á.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ gan-an kò tẹ̀ ba bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jókòó. Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ a jókòó sórí àpótí, a na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, a sì tẹ́ ọmọ sórí wọn. Níbẹ̀ ni yóò ti wẹ̀ ẹ́, tí yóò fi òróró pa á lára, tí yóò sì lédìí fún un kí ó tó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni tábìlì, gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ohun mìíràn tí a máa ń gbàgbé ni pé kò dá nìkan wà: ẹlòmíràn ló ń gbé omi wá, ẹlòmíràn ló ń na ọwọ́ mú aṣọ. Ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ nínú fúláàtì ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Lekki, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, kò ní àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn, ìdí sì nìyẹn tí pẹpẹ abẹ́ tábìlì fi wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ń bọ̀ wá gbé fún oṣù mẹ́ta, ẹ mọ̀ dájú pé kò ní lo tábìlì náà. Yóò bèèrè àpótí rẹ̀, tábìlì yóò sì di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ tí a kò tíì ká sí.

Tábìlì àti ilẹ̀

Àwọn méjì yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi wé ara wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n jìnnà síra jù.

Tábìlì ń jẹ́ kí a dúró ṣánṣán. Bí gíga rẹ̀ bá bá ti ẹni tó ń lò ó mu, ẹ̀yìn kò ní tẹ̀, ojú a sì rí gbogbo ibi tó yẹ kó rí, pàápàá ibi ìkákò itan ọmọ tí ìgbẹ́ àwọ̀ yẹ́lò máa ń fara pamọ́ sí. Gbogbo ohun èlò wà ní ojú kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ kúrò lára ọmọ láti ìgbà tí a bá ti gbé e lé e títí a ó fi gbé e kúrò, nítorí pé nǹkan bíi 90 sẹ́ńtímítà ni ó fi jìn sí ilẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wa sì jẹ́ táìlì. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n yí pàápàá lè fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi kọjá etí tábìlì. Nígbà tó bá fi máa pé oṣù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbìyànjú láti yí, ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ yí kò sì ní kéde ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ kò ní ewu yìí rárá. NHS kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀: wọ́n ní ibi tó dára jù lọ láti pààrọ̀ ìlédìí ni orí ẹní tàbí táwẹ́ẹ̀lì nílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní ju ọmọ kan lọ, nítorí pé bí ọmọ kejì bá nílò àbójútó lójijì, èyí tó wà nílẹ̀ kò lè já bọ́. Wọ́n tún gbani níyànjú pé kí a jókòó ṣe é kí ẹ̀yìn má baà dùn wá. Ó dùn mọ́ni pé ìmọ̀ràn yìí kò jìnnà sí àpótí ìyá àgbà. Fún ẹni tó bí ìbejì, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbí. Kí ó ra ẹní méjì tó nípọn, kí ó sì fi owó tábìlì ra pámpásì.

Ilẹ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bà sórí ohun gbogbo. Èèrà kì í pẹ́ gbọ́ òórùn ìpara àti wàrà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ a máa sáré kọjá, a sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní Ìlú Ọba nígbà òtútù, ilẹ̀ tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì a máa tutù bíi yìnyín. Gbogbo èyí ni a lè fi ẹní fóòmù tó nípọn, tí a fi awọ rọ́bà bò, yanjú. A tún lè fi ọṣẹ àti omi nù ún lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bímọ ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà lè rántí rọ́bà makintọ́ọ̀ṣì tó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ní kí aláboyún mú wá. Ẹ má jù ú nù. Bí a bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní tí a sì tẹ́ aṣọ rírọ̀ lé e, ó jẹ́ ẹní ìpààrọ̀ tí owó rẹ̀ ti jáde tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ẹní kò lè yanjú ni ìṣòro dídìde. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ, tí wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ fún pé kó má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò mọ ìtumọ̀ kí a gbé ọmọ dìde láti ilẹ̀ nígbà 10 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dà láàmú láti inú oyún, tàbí bàbá àgbà tí orúnkún rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ mọ́. Irú àwọn wọ̀nyí ni tábìlì wà fún, ìdáhùn mi fún wọn sì ni pé kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n yá a, láìbìkítà ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ.

Ibùsùn, tí gbogbo wa ń lò

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, orí ibùsùn àgbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gba ìlédìí tuntun, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Houston. Kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì wà nítòsí. Lójú tèmi, òun ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń fi wéra, nítorí pé ó kó àléébù tábìlì àti ti ilẹ̀ pọ̀ sójú kan. Gíga ọ̀pọ̀ ibùsùn kò ju 50 sí 60 sẹ́ńtímítà lọ: ó rẹlẹ̀ jù fún ẹni tó dúró, nítorí náà ẹ̀yìn yóò tẹ̀ dandan; ó sì ga tó kí ọmọ tó bá já bọ́ ṣèṣe. Kò ní ọgbà, kò ní bẹ́líìtì, fóòmù rẹ̀ sì ń rì síbi tí àgbà bá fara tì í, èyí tí ó lè mú kí ọmọ yí sí etí. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ibùsùn kì í jọ ibi eléwu lójú ẹni. Kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ sílẹ̀ lórí tábìlì lọ wo ìkòkò lórí iná, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi ọmọ sílẹ̀ láàárín ìrọ̀rí méjì lórí ibùsùn.

Bí ó bá jẹ́ ibùsùn nìkan ló wà, ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí dípò kí ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ sì tẹ́ ọmọ sí àárín gbùngbùn, kí ó jìnnà sí etí. Ìkúnlẹ̀ yìí nìkan á gba ẹ̀yìn là. Bí ọmọ bá sì ti já bọ́ láti ibikíbi, tí ó ń bì, tí oorun rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀, tí ẹkún rẹ̀ kò dá tàbí tí ibì kan wú lórí rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù onídúróà pẹ̀lú fóòmù lórí

Ọ̀nà yìí ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó ti pinnu pé òun fẹ́ dúró ṣe iṣẹ́ náà. A ó ra kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onídúróà tí gíga rẹ̀ bá ìbàdí wa mu, a ó sì gbé fóòmù ìpààrọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ju àárín lọ lé e lórí. Ìwọ̀n fóòmù tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí ínṣì 16 ní ìbú àti ínṣì 32 ní gígùn. Nítorí náà, kọ́bọ́ọ̀dù tí ìbú rẹ̀ kò tó ínṣì 16 kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tán, a ó ká fóòmù kúrò, kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa gba aṣọ ọmọ náà títí yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Tábìlì àkànṣe kò ní irú ọjọ́ iwájú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò gbọdọ̀ gba ọmọ tó ju pọ́ùn 30 lọ, ìyẹn bíi kílò 13 àti àbọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni yóò ti máa jàjàbọ́, tí òbí fúnra rẹ̀ yóò gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ewu kọ́bọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ti tábìlì, ó sì lè pani. Bí a bá ṣí dúróà méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ọmọ tó ti ń rìn bá gun wọn bí àkàsọ̀, gbogbo rẹ̀ lè dà lé e lórí. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ IKEA, tó ń ta ohun èlò ilé, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 29 kọ́bọ́ọ̀dù padà ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé ti kú lábẹ́ irú wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní STURDY ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àti láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tuntun ti gbọ́dọ̀ yege ìdánwò pé kì í ṣubú lu ọmọ kí ó tó dé ọjà wọn. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú àkókò yẹn, tàbí èyí tí káfíńtà ṣe ní àdúgbò, kò sí lábẹ́ òfin náà. Ẹ fi irin àti ìdè kàn án mọ́ ògiri. Bí onílé bá ní kí ẹ má lu ògiri òun, ẹ má ṣe lo kọ́bọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ yìí.

Fóòmù náà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa yọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni òfin CPSC, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ bí ààbò tábìlì ìpààrọ̀ tuntun, fóòmù elétí gíga, àti èyí tí a ń gbé lé orí nǹkan mìíràn ṣe gbọ́dọ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tó ń ra fóòmù lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wò ó bóyá bẹ́líìtì àti ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà lára rẹ̀.

Pẹpẹ ìpààrọ̀ tí wọ́n ń gbé lé orí ibùsùn ọmọ tó ṣe é ká wúlò fún ilé kékeré, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nígbàkígbà tí ọmọ bá wà nínú ibùsùn náà, kí orí tàbí ọrùn rẹ̀ má baà há sí àárín.

Tòkunbọ̀ àti iṣẹ́ káfíńtà

Ní Nàìjíríà, àwọn méjì yìí ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tí tábìlì tuntun kọjá agbára rẹ̀. Ọjà tòkunbọ̀ bíi Kàtàngúà ní Èkó a máa ní ohun èlò ọmọ tó wá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé láti ọdún 2008 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ohun tí wọ́n ti gbà padà nítorí ewu, kódà bí ó jẹ́ àlòkù. Ohun tí kò ṣe é tà níbẹ̀ mọ́ lè bá àpótí ẹrù dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka ìdè àti ṣúrúù rẹ̀. Ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í dáadáa. Èyí tó bá ń mì tìtì kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó. Bí kíkùn ara rẹ̀ bá ti ń ṣí, tí ó sì jọ ohun àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀, nítorí pé ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de kíkùn olójé.

Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè ṣe èyí tó dára ju ti òkè òkun lọ, nítorí pé yóò wọn ọ́n mọ́ ara ẹni tó máa lò ó. Ẹ dúró ṣánṣán nínú bàtà ilé yín, kí ẹ ká apá ní ìgbọ̀nwọ́. Ibi tí ọmọ yóò sùn sí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì wà lókè ìbàdí. Ẹ rántí yọ gíga fóòmù kúrò nínú ti pákó, nítorí pé ọ̀pọ̀ tábìlì àdúgbò ló máa ń ga jù nípasẹ̀ àṣìṣe yìí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, ní kí ọgbà tó ga tó ínṣì méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àárín tábìlì sì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí etí rẹ̀. Orí fóòmù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ínṣì méjì náà. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti orí pákó, fóòmù yóò gbé ọmọ dé ojú ọgbà, ọgbà yóò sì di asán. Kí ẹsẹ̀ tábìlì fẹ̀ ju orí lọ díẹ̀, kí wọ́n má sì fi táyà sí i. Bí wọ́n bá kùn ún ní fáníìṣì, kí ó gbẹ títí òórùn yóò fi tán kí ọmọ tó dé ibẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí a rà á

Bí ẹ bá tilẹ̀ ra tábìlì, ẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹní. Ẹ ó gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, òde ìnáwó àti ilé àwọn òbí yín, àwọn ibi tí tábìlì kò ti sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2016 kan pàṣẹ pé kí ibi ìpààrọ̀ ìlédìí wà nínú ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin ní àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ tí ará ìlú ń wọ̀; ní Nàìjíríà, orí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ni ọ̀pọ̀ òbí ń lò, ẹní tó ṣe é ká sì ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹní ló yẹ kí á kọ́kọ́ rà, kí ọmọ tó dé.

Tábìlì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà náà ni ìyá yóò mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó bímọ wẹ́rẹ́ tàbí nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ẹ ó sì ti mọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí ní tòótọ́, nítorí pé yàrá tí a kùn dáadáa fún un sábà máa ń ṣófo nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ wà ní yàrá kejì. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú pé iṣẹ́ abẹ ni yóò fi bímọ nìkan ni mo rí ìdí fún láti rà á sílẹ̀.

Bí ó bá ti dé ilé, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, okùn kọ́tìnnì àti wáyà fáànù, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ohun tí ẹ ó máa lò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó o láìyíjú kúrò lára ọmọ, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó o. Ẹ máa de bẹ́líìtì rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ má sì gbára lé e. Bí fóònù bá dún tàbí tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ kò tíì parí, ẹ fi aṣọ wé ọmọ bí ó ṣe wà, kí ẹ gbé e dání lọ.